Ẹ̀rọ Tó Mọ Ibi Tí A Wà, Tí Kò Mọ Géètì

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àárọ̀ Sátidé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo gun kẹ̀kẹ́ ológere mi jáde, mo gba ẹ̀bá 2nd Avenue ní Festac nílùú Èkó, ojú títì márosẹ̀ Badagry ni mo ń lọ. Ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí háńdù ké "píì", ó ní kí n yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo yà. Kò tó igba mítà tí géètì onírin kan fi dí ọ̀nà mọ́ mi, ṣéènì wé e lọ́rùn, àgádágodo rọ̀ mọ́ ṣéènì. Bàbá ọlọ́dẹ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

"Ọ̀gá, ibo lẹ ń lọ láàárọ̀ kùtù báyìí?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ojú títì ni. Ẹ̀rọ yìí ló ní ibí ni kí n gbà."

Bàbá na ọrùn, ó wo ẹ̀rọ, ó wo géètì, ó tún wo ẹ̀rọ. "Ṣé ó mú kọ́kọ́rọ́ dání ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo yí kẹ̀kẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá yẹn bá mi dé Agboju, ó bá mi padà sílé, torí pé òun gan-an ni ìtumọ̀ gbogbo wàhálà tí èèyàn ń ṣe lórí ẹ̀rọ GPS kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ náà mọ ibi tí ẹ wà. Ọ̀nà ni kò mọ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àlejò ni ẹ̀rọ yìí ní Festac àti ní gbogbo Amuwo-Odofin, bó ti wù kí owó tí wọ́n fi rà á pọ̀ tó. Ẹ̀yin onílé lẹ ó kọ́kọ́ mú un lọ́wọ́ kiri kó tó lè mú yín lọ síbì kankan, ibi tí ẹ sì ti máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, orí àga nínú pálọ̀ ni.

Kí n sọ ti ìlú ná, nítorí Festac kò rí bíi Mushin tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó. Nọ́ńbà ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀ lórúkọ. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tó wá síbi àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú lágbàáyé, ẹlẹ́ẹ̀kejì irú rẹ̀, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Àwọn tó fa ilẹ̀ náà lálà tò ó bí ìdílé: Avenue ni bàbá, Road ni ọmọ, Close ni ọmọ-ọmọ. Nọ́ńbà tó ṣíwájú lára orúkọ Road ló ń sọ ẹni tó bí i. 21 Road, 22 Road, 23 Road, 24 Road, ọmọ 2nd Avenue ni wọ́n. 41 Road, níbi tí sẹkiteríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Amuwo-Odofin wà, ọmọ 4th Avenue ni. Ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún oṣù méjì, bí ẹ bá pe 71 Road sí i létí lójú oorun, ó ti mọ apá ibi tó máa yà sí.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni ọjọ́ orí. Ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà ju sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ sókè, ọdún kan àti ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n ká ẹní àjọ̀dún náà. Festac ti ń fi nọ́ńbà júwe ilé kí ojú ọ̀run tó kọ́ ọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá tẹ "A Close" sínú ẹ̀rọ yín, yóò kó A Close jọ síwájú yín bí ẹni kó ìbejì, ìbẹta, ìbẹrin jáde, nítorí pé Road kọ̀ọ̀kan ló ní A tirẹ̀, tó ní B tirẹ̀. Èyí tó wà lára 24 Road kọ́ ni èyí tó wà lára 51 Road. Ẹ̀rọ ò mọ ìdílé. Ó máa mú èyí tó bá sún mọ́ ọn jù, tàbí èyí tẹ́ni kan rántí kọ sórí máàpù.

Báwo wá ni ẹ̀rọ tí kò ju páálí ìṣáná méjì lọ ṣe mọ ibi tí ẹ wà? Ẹ ronú akéde abúlé tó lu agogo rẹ̀ ní déédéé aago mẹ́fà. Bí aago ọwọ́ yín bá pé, tí ẹ sì gbọ́ ìró náà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn aago mẹ́fà, ẹ mọ̀ pé akéde wà ní nǹkan bí kìlómítà kan sí yín. Ẹ ò mọ apá ibi tó wà, ẹ kàn mọ bó ti jìn tó. Bí akéde mìíràn bá lu tirẹ̀ láti abúlé kejì, tí ẹlòmíì lu tirẹ̀ láti ẹ̀kẹta, ibi kan ṣoṣo ló kù lórí ilẹ̀ tí ẹ lè dúró sí tí ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi máa kàn yín lásìkò tó kàn yín yẹn. Àwọn akéde tiwa wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ìgbì rédíò ni agogo wọn, ìgbì náà sì ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti balẹ̀.

Ibi tó ti le ni aago. Sátẹ́láìtì ń gbé aago átọ́ọ̀mù tó pé bí ìdájọ́; aago tó wà nínú ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ yín, aago olówó pọ́ọ́kú ni. Bó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà péré, 300 mítà ló ti fi gbé yín kúrò níbi tí ẹ wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ fi ń wá sátẹ́láìtì ẹ̀kẹrin: mẹ́ta ń sọ ibi tí ẹ wà, ẹ̀kẹrin ń bá a tún aago rẹ̀ ṣe. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìgbì tí aráàlú ń gbọ́ rú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè fi ọgọ́rùn-ún mítà ṣì ibi tí èèyàn wà. Ọjọ́ tí wọ́n pa ìdàrú yẹn ni GPS di nǹkan tí oníkẹ̀kẹ́ lè lò. Lónìí, ẹ̀rọ tó dáa máa ń gbọ́ tàwọn yòókù náà pọ̀: GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù, BeiDou ti Ṣáínà. Bí ẹ bá rí i nínú ìtò ẹ̀rọ yín, ẹ tan gbogbo wọn. Yóò jẹ bátìrì díẹ̀ sí i, ẹ má fi ṣe nǹkan kan.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí: "Ṣé kì í jẹ dátà?" Rárá o. Etí ló ní fún sátẹ́láìtì, kò lẹ́nu tó máa fi dá a lóhùn. Ìgbà tí ẹ bá ń fi fóònù kó ọ̀nà sínú rẹ̀, tàbí tí ẹ ń kó ìrìn yín jáde, ni dátà wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ, tàbí tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí ẹ̀gbọ́n kan fi ránṣẹ́ láti London, ẹ má tàn án nínú ilé kí ẹ máa bú u. Ibi tó wà kẹ́yìn ló ṣì wà lórí ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ síbi tí ojú ọ̀run ti ṣí sílẹ̀, kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́bàá ilé alájà mẹ́rin, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má gbé e rìn. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa ń ka ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà láàárín 30 ìṣẹ́jú àáyá. Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ẹbí rẹ̀ lókè, ìṣẹ́jú méjìlá ààbọ̀ ló ń gbà á láti kà á tán. Ẹ ra ẹ̀kọ àti àkàrà, ẹ jókòó jẹ ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, bó bá ti ń bá áàpù orí fóònù sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, áàpù náà ni yóò máa sọ fún un ṣáájú ibi tí sátẹ́láìtì máa wà, kò sì ní ju bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ kó tó jí.

Nọ́ńbà tí yóò fi hàn yín láàárín Festac, bíi dígíríì 6.47 sí àríwá àti 3.28 sí ìlà-oòrùn ni. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì kékeré (.) yẹn, ó wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹyọ kan nínú nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn àmì, bí 110 mítà ni. Ẹ̀kẹrin, mítà mọ́kànlá, ìyẹn bí ẹnu géètì sí ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀. Nítorí a ò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ síwá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ sọ́tùn-ún sósì. Ní London kò rí bẹ́ẹ̀: dígíríì kan lọ sí ìlà-oòrùn níbẹ̀ kò ju nǹkan bí 69 kìlómítà lọ, nígbà tí tiwa lé ní 110. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ kí ẹ wá pàdé òun ní Close kan, ẹ ní kó fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìyẹn ò ní ìbejì.

Àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tiwa gan-an, tí ìwé ìlò ẹ̀rọ tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú òyìnbó kì í sọ. Lókè réré, oòrùn máa ń gbóná mọ́ afẹ́fẹ́ títí iná mànàmáná fi kún inú rẹ̀, pàápàá lórí àwọn ìlú tó sún mọ́ agbedeméjì ayé bíi tiwa. Tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn kì í rọra tutù; ó máa ń hó bí omi ẹ̀kọ, ihò á máa lu nínú rẹ̀, ìgbì sátẹ́láìtì tó bá gba ibẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó máa ń le jù láti bí aago mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́, ní àwọn oṣù bíi Ẹ̀rẹ̀nà àti Ọ̀wàrà, ó sì ń burú sí i lọ́dún tí oòrùn bá ń ru. Nítorí náà, bí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́ oṣù Kẹwàá, tí ìlà ìrìn yín wá fi hàn pé inú pálọ̀ àwọn èèyàn lẹ gbà kọjá, ẹ̀rọ yín ò bàjẹ́. Òwúrọ̀ ni ẹ máa fi dán an wò.

Máàpù ni orí tó kàn, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ máa ń gbé máàpù ibi tí wọ́n ti rà á. Ẹ tàn án ní Festac, ẹ ó rí ọfà yín tó dúró sójú funfun, kò sí títì, kò sí odò, bí ẹni tí wọ́n jù sójú òkun. Ọfà náà tọ̀nà. Ilẹ̀ ni kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ti Wahoo, ilé iṣẹ́ Atlanta, ẹ máa mú Nàìjíríà nínú orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè, ẹ fi Wi-Fi dáńlóòdù rẹ̀. Àwọn Garmin tuntun náà lè fi Wi-Fi gba máàpù apá ayé mìíràn. (Láti ara orúkọ Gary Burrell àti Min Kao, àwọn méjì tó dá a sílẹ̀ ní 1989, ni wọ́n ti yọ "Garmin".) Garmin àtijọ́ ń fẹ́ kọ̀ǹpútà: ẹ dáńlóòdù máàpù Nàìjíríà tí wọ́n fi OpenStreetMap (mò ń bọ̀ lórí rẹ̀) ṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ so wáyà, ẹ ju fáìlì náà sínú fódà tó ń jẹ́ Garmin, ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ wọ ibi ìtò máàpù, kí ẹ pa ti ìlú òyìnbó, kí ẹ tan tiwa.

Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú mìíràn wà tí kò gbé máàpù kankan. Ìlà lásán ni wọ́n ń fi hàn lójú dúdú tàbí funfun, bí eérú tó ń jò láti inú àpò nínú àlọ́ Ìjàpá. Ẹ má fojú di wọn. Ẹni tó bá mọ ìlú, ìlà tó fún un, bátìrì wọn sì máa ń pẹ́.

Ìgbé-e-sórí-kẹ̀kẹ́ kò lè gba àkókò wa. Ẹsẹ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ síwájú háńdù dáa ju èyí tí wọ́n fi rọ́bà so lọ, torí ojú yín ò ní í kúrò lórí títì púpọ̀ kí ẹ tó rí i. Ẹ fi ẹ̀rọ sí i ní ìbú, ẹ yí i títí yóò fi dún "kọ́". Bí kò bá dún, kò tíì wọlé. Kòtò àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà Mile 2 ni yóò sọ fún yín. Okùn kékeré tó ń wá pẹ̀lú rẹ̀, tí gbogbo wa ń jù sínú dúrọ́ọ̀, ẹ so ó. Nígbà tí ẹ bá dúró ra omi, ẹ yọ ẹ̀rọ sápò. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn fún ará Èkó.

Bí ẹ bá lówó sí i, ẹ ra ohun tí wọ́n ń so mọ́ ìdí àgbá kẹ̀kẹ́ tó ń ka yíyí táyà. Lábẹ́ afárá Mile 2, ẹ̀rọ kì í gbọ́ sátẹ́láìtì. Àgbá tó ń yí ò ní í dákẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ bí yíyí kan ṣe gùn tó. Ìwé sọ pé táyà 700×25 jẹ́ 2105 mìlímítà, 700×28 jẹ́ 2136. Èmi ò gba ìwé gbọ́, torí bí ẹ ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i àti bí ẹ ṣe sanra tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo fi ẹfun fa ìlà sára táyà 700×28 mi níbi tó ti kan ilẹ̀, mo fa òmíràn sórí sìmẹ́ǹtì lábẹ́ rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́, ọmọ àbúrò mi dì mí mú, mo yí i síwájú títí ẹfun fi tún tẹ ilẹ̀. A fi tépù télọ̀ wọ̀n ọ́n: 2118. Ọmọ náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì torí kò gbà pé mo lè wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Òkè ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ tó wọ́n díẹ̀ ń fi títẹ̀ afẹ́fẹ́ wọn bí ibi tí ẹ wà ṣe ga tó. Amuwo-Odofin ò ní òkè. Afárá ni òkè wa. Síbẹ̀ ẹ lè rí i kí ẹ̀rọ kọ ọ́ pé ẹ ti gun ogún mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfi Festac sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ olóoru máa ń wúwo ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, á sì fúyẹ́ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Fífúyẹ́ yẹn ni ẹ̀rọ ń pè ní òkè. Tí òjò bá sì dí ihò bíńtín tó fi ń mí, òkè Ìdànrè ni yóò kọ fún yín. Ẹ fẹ́nu fẹ́ ẹ, kí ẹ má fi abẹ́rẹ́ tọ́ ọ.

Ní ti ojú ẹ̀rọ, ìka yín yóò fẹ́ kó gbogbo nǹkan síbẹ̀: ìlù ọkàn, agbára ẹsẹ̀, ìwọ̀n ooru, ìgbà tí oòrùn máa wọ̀. Ẹ fi mẹ́rin sílẹ̀: eré tí ẹ ń sá, bí ẹ ṣe rìn jìnnà tó, aago, àti bó ṣe kù tó kí ẹ yà. Ẹ fi máàpù sójú kejì. Ẹni tó ń ka nọ́ńbà mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà kò níí kà wọ́n pẹ́.

Ó kù ká ya ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀yin onílé ti máa mú àlejò lọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè ya ọ̀nà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá tẹ ibi tí ẹ ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí bàbá ọlọ́dẹ mi. Ẹ lo kọ̀ǹpútà tàbí fóònù nílé. Komoot, Ride with GPS, Strava, èyí tó bá wù yín. Orí OpenStreetMap ni wọ́n ń gbà, ìyẹn máàpù tí ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Steve Coast, bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Ẹ má tẹ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan. Ẹ tẹ ibi díẹ̀díẹ̀: orí Avenue, oríta, Apple Junction, Agboju, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń fa ìlà. Bó bá gba inú Close kan kọjá sí òdìkejì, ẹ fura. Orúkọ rẹ̀ ti sọ pé ó dí, bí wọ́n bá tilẹ̀ já a sí ibòmíràn, géètì wà níbẹ̀, géètì náà sì ní aago tirẹ̀. Òjò oṣù Kẹfà tún ní àwọn òpópónà tó máa ń gbà lọ́wọ́ wa. Ẹ ò níí rí ìyẹn lórí máàpù kankan, ẹ bi oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà.

Ojú títì márosẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti fara balẹ̀ jù. Ní bí ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ gbé iṣẹ́ fífẹ̀ ọ̀nà Badagry kalẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láàárín. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn mọ̀ pé ibi tí a ti ń yípo nígbà náà, irin àti kọ́ńkéré ló wà níbẹ̀ báyìí. Máàpù àtijọ́ nínú ẹ̀rọ kò mọ̀. Yóò ní kí ẹ yípo, yóò sì máa ké bí ọmọ tí wọ́n gba súùtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ máa wo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà pọ̀ mọ́ máàpù nígbà tí ẹ bá ń fa ìlà. Àti wan-wé: bí ìlà bá kọjú ìjà sí ọkọ̀, ẹ pa á, ẹ tún un fà. Ọlọ́kadà ń ṣe é, mo mọ̀.

Tí ìlà bá ti rí bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ kó o jáde. Irú fáìlì tí ẹ bá mú ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa bá yín sọ lójú ọ̀nà. GPX tí a sábà ń kó jáde, ìlà àmì tó tẹ̀ lé ara wọn lásán ni. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò wo máàpù tó ní kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń yà. TCX àti FIT lè gbé ọ̀rọ̀ dání: "yà sósì níbí." Mo fẹ́ràn èyí nítorí èmi ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ náà. Dípò "yà sósì lẹ́yìn 80 mítà", mo lè kọ "mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé, òsì", ìyẹn ni ẹ̀rọ á fi hàn mí. Ṣé báyìí náà kọ́ ni ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín ní Agboju ṣe máa júwe rẹ̀? Lórí Garmin, ẹ ju fáìlì sínú fódà NewFiles. Ẹ ó rí i níbi àwọn ọ̀nà tí ẹ tọ́jú nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pa nǹkan kan: ìtò tó ní kí ẹ̀rọ tún ọ̀nà ṣírò fúnra rẹ̀ bí ẹ bá yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Ní Yúróòpù, ìtò yẹn dára. Níbí, ẹ yẹ̀ fún adágún omi kan ní àádọ́ta mítà, ẹ̀rọ á ti kó ọ̀nà mìíràn jáde, yóò gba géètì mẹ́ta àti ọjà kan. Ẹ jẹ́ kó kàn ké pé ẹ ti kúrò lójú ìlà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá a padà. Ìkejì, ẹ tan ìtò tó ń dá aago dúró bí ẹ bá dúró; láìsí ìyẹn, gó-sílò Maza-Maza á wọ inú ìrìn yín, ẹ ó dà bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ bí ìgbín.

Festac sí Badagry tó nǹkan bí 50 kìlómítà. Ìrìn àkọ́kọ́ yín kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yí inú Festac po ní àárọ̀ Sọ́ńdè, níbi tí ẹ ti mọ gbogbo igun, kí ẹ máa wo bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀rọ̀: ṣé ó ń ké ṣáájú ìyànà ni àbí lórí rẹ̀, ṣé ìlà rẹ̀ wà lórí títì ni àbí nínú gọ́tà. Láàárín àwọn ilé alájà, ìgbì máa ń lu ògiri kó tó bá ẹ̀rọ, bí ìgbà tí èèyàn ké láàárín ilé méjì tí ohùn ń padà wá. Ìyẹn ló ń gbé ọfà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọfà bá fi mítà mẹ́wàá kúrò lójú ọ̀nà, ẹ gba ojú yín gbọ́.

Lẹ́yìn ìrìn, kí ẹ tó fi ìlà yín han ayé lórí Strava, ẹ fi ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ẹ parí sí pamọ́. Ìtò kan wà fún un. Close kan ò ní ju ilé mélòó kan lọ. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹnu géètì kan náà lójoojúmọ́ ní aago kan náà, ó ti júwe ilé. Àwọn ológun Amẹ́ríkà gbọ́n sí i nígbà tó pẹ́: máàpù tí Strava gbé jáde ní ìparí 2017 fi ibùdó wọn ní Síríà àti Afganísítàn hàn, nítorí pé àwọn ọmọ ogun ń sáré yí i po láàárọ̀.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ géètì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí bàbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo ṣí OpenStreetMap, mo forúkọ sílẹ̀, mo wá òpópónà náà kàn. Funfun ni, ó lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo tẹ ibi tí géètì wà, mo fi àmì sí i, mo kọ wákàtí tí wọ́n ń ṣí i. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo tún fa ìlà kan náà lórí kọ̀ǹpútà, ó yà kúrò níbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn. Mo dáńlóòdù máàpù tuntun sínú ẹ̀rọ, mo kó ọ̀nà náà sí i.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo dé orí ìyànà yẹn. Ẹ̀rọ ní kí n máa lọ tààrà. Ṣùgbọ́n mo rí tọ́ọ̀ṣì bàbá lókèèrè, mo sì fẹ́ sọ fún un pé géètì rẹ̀ ti wà lórí máàpù tí àwọn èèyàn ń wò ní Japan. Mo yà síbẹ̀ lọ kí i. Ó gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí, ó dìde, ó ki ọwọ́ sápò agbádá òjò tó wọ̀. Ṣéènì dún wọ́rọ́wọ́rọ́.

"Ẹ gba ibí, Ọ̀gá. Ó yá jù."

Mo dúpẹ́, mo gba àárín géètì kọjá. Ẹ̀rọ ké lórí háńdù: mo ti kúrò lójú ọ̀nà.